Ìlàjà Nínú Aáwọ̀ Àdéhùn Fránṣáìsì: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Onílàjà Kan tí Mo Sanwó Fún

Ìwé àdéhùn fránṣáìsì, ìyẹn àdéhùn láti sanwó fi orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣòwò, tí mo fọwọ́ sí jẹ́ ojú ìwé 68, gbólóhùn mẹ́rin péré ni ó sì sọ nípa ìlàjà. Mo ka ibi tí wọ́n kọ owó sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ka ibi tí wọ́n kọ iye ọdún àdéhùn sí, ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́rin yẹn, ojú lásán ni mo fi gbá wọn kọjá. Nígbà tí aáwọ̀ dé, ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò mi kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ pe ẹnì kejì lẹ́jọ́ ní kóòtù àfi bí a bá ti kọ́kọ́ jókòó níwájú onílàjà, àti pé ìdajì-ìdajì ni àwa méjèèjì yóò san owó onílàjà náà. Báyìí ni mo ṣe di oníbàárà ilé iṣẹ́ onílàjà kan. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé ìwé tí a fọwọ́ sí lọ́dọ̀ wọn ní kí a pa àṣírí mọ́. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ṣe aáwọ̀ pé mo lè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí n kò sì sọ iye owó.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ òwò, àmì òwò àti ìlànà iṣẹ́ ni n óò máa pè ní olórúkọ. Ẹni tó sanwó láti fi orúkọ náà ṣòwò ni n óò máa pè ní agborúkọlò, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń gba ẹjọ́ rò ní agbẹjọ́rò. Agborúkọlò kì í ṣe òṣìṣẹ́ olórúkọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Owó tirẹ̀ ni ó fi ra ẹ̀rọ, orúkọ tirẹ̀ ni ó fi gba ilé, òun ni ó ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, síbẹ̀ olórúkọ ni ó ń sọ ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ògiri, ibi tí wọn yóò ti máa ra ọṣẹ, àti iye wákàtí tí ilẹ̀kùn yóò fi wà ní ṣíṣí. Lóṣooṣù, ó ń yọ ìdá kan nínú owó tó wọlé fún olórúkọ gẹ́gẹ́ bí owó ìlò orúkọ, ó sì tún ń dá owó mìíràn sí àpò ìpolówó tí gbogbo wọn jọ ní. Ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti pàdé ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Olórúkọ yóò ní agborúkọlò kò san owó lásìkò tàbí kò tẹ̀lé ìlànà. Agborúkọlò yóò ní àpò ìpolówó kò polówó òun, tàbí pé wọ́n ń ta ohun èlò fún òun ní iye tó ju ti ọjà lọ, tàbí pé èrè tí wọ́n fi fa òun lójú mọ́ra kí òun tó fọwọ́ sí ìwé, òun kò rí i. Èyí tó máa ń gbóná jù, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ agbègbè, òun náà ni ó sì kan èmi.

Ilé ìfọṣọ ni mo ń ṣe. Àdéhùn mi sọ pé olórúkọ kò ní ṣí ilé ìfọṣọ mìíràn, kò sì ní gba ẹlòmíràn láyè láti ṣí i, ní agbègbè tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká lórí máàpù tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ọdún mẹ́ta ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kẹrin, olórúkọ gbé áàpù kan jáde: oníbàárà yóò tẹ fóònù rẹ̀, ọkọ̀ yóò wá gbé aṣọ nílé rẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tó jẹ́ ti olórúkọ fúnra rẹ̀, wọn yóò sì gbé e padà wá. Orúkọ kan náà ni, àmì kan náà ni, owó tí èmi náà ń dá sí àpò ìpolówó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tó ń gbé láàárín ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo kọ̀wé sí olórúkọ; èsì tí mo gbà ni pé ilé ìfọṣọ ni àdéhùn sọ pé àwọn kò gbọdọ̀ ṣí, áàpù kì í sì í ṣe ilé ìfọṣọ. Inú bí mi, mo dá owó ìpolówó dúró. Àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé ìkìlọ̀ dé pé mo ti yẹ àdéhùn, àti pé bí n kò bá ṣe àtúnṣe láàárín 30 ọjọ́, wọ́n lè fòpin sí i. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wá di ẹni tó ṣẹ̀.

Lẹ́tà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ onílàjà náà ṣe fún mi. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan tí ẹni tó fẹ́ pe ìlàjà yóò kún, ohun mẹ́ta ni ó sì ń béèrè: kí ni aáwọ̀ náà, kí ni ẹ fẹ́ kí ó yọrí sí, kí sì ni ẹ rò pé ẹnì kejì lè ṣe tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà mí. Mo kọ ojú ìwé márùn-ún sí ìbéèrè àkọ́kọ́, mo kọ ìlà méjì sí ìkejì, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè kọ sí ìkẹta, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ń bínú, n kò tíì bi ara mi léèrè ohun tí mo fẹ́ gbà gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n hùmọ̀ ìbéèrè mẹ́ta yìí. Ní Ọsirélíà, òfin tó ń darí fránṣáìsì láti ọdún 1998 ní kí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn kọ irú ohun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Bí wọn kò bá rí i yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé e tọ onílàjà lọ, ẹnì kejì kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láti wá. Òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ṣùgbọ́n ìlàjà kò kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà yàtọ̀: òfin fránṣáìsì ti ìjọba àpapọ̀ kò fi dandan lé ìlàjà, àmọ́ ó ní kí olórúkọ fún ẹni tó fẹ́ gba orúkọ lò ní ìwé àlàyé tó ní ìpín 23, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ó tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kí ó tó san owó. Ìpín 17 nínú ìwé yẹn ni ó ń sọ bí àdéhùn ṣe lè parí, bí a ṣe lè tún un ṣe, àti ibi tí a óò gbé aáwọ̀ lọ. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ó tètè ṣí ìpín 17, kí ó má ṣe bíi tèmi.

Lẹ́yìn lẹ́tà, wọ́n fi orúkọ onílàjà mẹ́ta ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì, pẹ̀lú àlàyé iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣe rí. Mo yìn wọ́n fún èyí, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹnì kan nínú wọn ti ṣe agbẹjọ́rò fún ẹgbẹ́ àwọn olórúkọ nígbà kan, kí àwa fúnra wa pinnu bóyá ó dí wa lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò mi ní kí n má kàn sá fún ọkùnrin náà, torí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jẹun lọ́dọ̀ wọn rí ni yóò tètè wọ̀ wọ́n létí. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Obìnrin kan tó ti ṣojú fún olórúkọ àti fún agborúkọlò rí ni a jọ fẹnu kò lé lórí, ó sì mọ bí owó ṣe ń rìn nínú fránṣáìsì. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Onílàjà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín owó ìlò orúkọ àti owó ìpolówó yóò fi ìdajì ọjọ́ kọ́ ọ, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ti owó, wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń kà á, wákàtí tí onílàjà fi ka ìwé wa kí a tó pàdé sì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa ṣáájú. Mo ti kó gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́, títí kan àwọn ímeèlì tí mo fi ìbínú kọ ní òru. Mo sanwó kí obìnrin náà lè kà wọ́n.

Ìwé tí a fọwọ́ sí kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀ kò gùn, ó sì dára. Ó ní onílàjà kì í ṣe adájọ́, kò ní sọ ẹni tó jàre, kò sì lè fi agbára mú ẹnikẹ́ni gba ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ dìde lè dìde nígbàkígbà. Níbí ni ó ti yàtọ̀ sí ìdájọ́ àdáni, níbi tí ẹni tí a jọ yàn yóò ti dá ẹjọ́, tí a ó sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ó ní ohun tí ẹnì kan bá sọ tàbí tí ó bá fi lọni nínú yàrá náà, ẹnì kejì kò lè gbé e lọ sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọn kò sì lè pe onílàjà wá jẹ́rìí. Àmọ́ ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò torí pé a gbé e wá síbẹ̀ di àṣírí: ìwé owó tó wọlé fún mi ṣì lè di ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìkìlọ̀ tiwọn. Ohun tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni pé ẹni tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá rán wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè fọwọ́ sí àdéhùn lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ bá ilé iṣẹ́ onílàjà yìí rò. Ẹni tí olórúkọ rán wá ni máníjà agbègbè. Ọ̀gbẹ́ni náà tẹ́tí sílẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ àrífín kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá dé ibi tó yẹ kí ó ti sọ pé “ó dára” tàbí “rárá”, ohun tó ń sọ ni pé òun yóò jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá. Wákàtí méjì lọ bẹ́ẹ̀, lórí owó wa. Onílàjà ni ó wá dá ọ̀rọ̀ dúró, tí ó sì sọ fún un pé bí ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé kò bá dé, òun yóò sún ìjókòó síwájú. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí igbákejì ọ̀gá àgbà wọn fi yọjú lórí fídíò. Ó hàn gbangba pé ó ti wà nítòsí látàárọ̀. Ilé iṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ wa yẹ kí ó ti bi olórúkọ léèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé ta ni ń bọ̀, kí sì ni agbára rẹ̀ mọ. Ìpè kan ṣoṣo ni ì bá gbà.

A kò pẹ́ púpọ̀ nínú yàrá kan náà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tẹnu rẹ̀, onílàjà tún un sọ lọ́nà tirẹ̀, ó sì béèrè bóyá òun gbọ́ ọ bí a ṣe fẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Mo rò pé àfiṣeré lásán ni, títí ó fi tún ọ̀rọ̀ olórúkọ sọ pé: “Ẹ ń bẹ̀rù pé bí ẹ kò bá ní áàpù, ẹni tí kì í ṣe ara yín rárá ni yóò kó àwọn oníbàárà náà lọ.” Ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.

Lẹ́yìn náà, ó pín wa sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, ó sì kọ́kọ́ ni mí lára pé ó wà ní yàrá kejì tí ó ń gbọ́ tẹnu wọn nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní dá ẹjọ́ kò lè ṣìkà lọ́nà yẹn, ohun tí mo bá sì sọ fún un ní yàrá mi, kò gbọdọ̀ dé yàrá kejì àfi bí mo bá yọ̀ǹda. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ dìde, ó máa ń ka ohun tó kọ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀ fún mi níkọ̀ọ̀kan: “Èyí ńkọ́, ṣé kí n sọ ọ́? Èyí náà ńkọ́?” Èyí tí mo bá ní kó má sọ, ó fi bírò pupa yí i ká. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kẹta, n kò wò ó mọ́.

Nínú yàrá yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ ohun tí n kò tíì sọ fún agbẹjọ́rò mi pàápàá, pé kì í ṣe nítorí áàpù nìkan ni mo ṣe dá owó ìpolówó dúró. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ aṣọ bàjẹ́ lóṣù náà, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò sì lè ṣe méjèèjì. Obìnrin náà kò bá mi wí. Ohun tó béèrè ni pé, “Bí ẹ bá wọ kóòtù tí ẹ sì jàre, kí ni ẹ óò gbé bọ̀ nílé?” Mo ní adájọ́ yóò ní kí wọ́n ti áàpù náà pa ní agbègbè mi. Ó ní, “Lọ́dún wo?” Mo dákẹ́. “Àwọn oníbàárà tó ti mọ́ lára pé kí wọ́n wá gbé aṣọ nílé wọn ńkọ́, ṣé wọn óò padà máa fọwọ́ ara wọn gbé e wá bá yín?” N kò dáhùn. Ó tún wá béèrè ohun tí n óò ṣe bí kóòtù bá gbà pẹ̀lú olórúkọ pé áàpù kì í ṣe ilé ìfọṣọ. Ìbéèrè báyìí ni ojúlówó iṣẹ́ onílàjà, mo sì gbà pé èyí tó bi wọ́n ní yàrá kejì kò dùn ju tèmi lọ, torí pé ohùn wọn ti yí padà nígbà tó dé. Bí adájọ́ bá sọ pé áàpù náà tako àdéhùn mi, kì í ṣe èmi nìkan ni wọn yóò máa dá lóhùn. Gbogbo agborúkọlò tí wọ́n fi ìlà pupa yí agbègbè rẹ̀ ká ni yóò gbé máàpù tirẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí ni pé wọn yóò máa fún mi ní ìdá kékeré kan nínú owó tí áàpù bá rí ní agbègbè mi. Èmi ní kí wọ́n ti áàpù náà pa. Láti aago méjìlá títí di aago mẹ́ta, a kò kúrò lójú kan. Ohun tó tú ọ̀rọ̀ náà ni ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni nínú wa: ẹrù aṣọ mélòó ni ẹ̀rọ mi lè fọ̀ lójúmọ́, mélòó ni ó sì ń fọ̀? Ó fún mi ní mákà, ó ní kí n kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà ni mo ní; mo kọ wákàtí wọn sílẹ̀, ó sì hàn pé láti ọ̀sán lọ, mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan. Ó lọ bi olórúkọ léèrè ohun kan náà. Ilé iṣẹ́ ńlá wọn ti kún àkúnya, aṣọ ń pẹ́ níbẹ̀, àwọn oníbàárà áàpù sì ń ráhùn. Nígbà tí ó gba àyè lọ́wọ́ àwa méjèèjì láti gbé èsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, iṣẹ́ tó kù kò tó nǹkan.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé iṣẹ́ tó bá ti inú ìlà pupa wọlé sórí áàpù, ilé ìfọṣọ mi ni yóò kọ́kọ́ lọ; bí n kò bá lè fọ̀ ọ́ kí n sì dá a padà láàárín wákàtí 48, ilé iṣẹ́ ńlá yóò gbà á, wọn yóò sì fún mi ní ìdá kékeré tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀. Owó ìpolówó tí mo jẹ, ìgbà mẹ́fà ni n óò fi san án. Wọ́n fa ìwé ìkìlọ̀ wọn sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a óò jókòó láti yẹ ètò náà wò. Adájọ́ lè ní kí ẹnì kan sanwó, ó lè ní kí ó jáwọ́ nínú ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò rí adájọ́ tí yóò jókòó ṣètò bí àwa méjèèjì yóò ṣe máa pín ẹrù aṣọ. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò wá ọ̀rẹ́ lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló kù nínú àdéhùn mi, ẹni tí yóò máa dá ímeèlì mi lóhùn ni mo ń wá.

Kíkọ àdéhùn náà sílẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ wọn ti tún mẹ́hẹ. Aago méje alẹ́ ti kọjá, ó ti rẹ gbogbo wa, wọ́n sì gbé fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan fún wa pé kí a kọ ohun tí a gbà síbẹ̀ kí a fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò mi kọ̀. Ó béèrè pé “inú ìlà pupa” tí a ń wí, ṣé àdírẹ́sì tí oníbàárà kọ sínú áàpù ni, tàbí ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó tẹ fóònù rẹ̀? Ẹni tó ń gbé lágbègbè mi lè pe ọkọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo nǹkan rú. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, a sì fi í sí àdírẹ́sì tí wọn yóò dá aṣọ padà sí. Bí a bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan yẹn, aáwọ̀ tuntun ni à bá gbé lọ sílé. Ẹ má ṣe lọ síbẹ̀ láìmú ẹni tó mọ ìwé kọ dání, torí pé onílàjà kì í ṣe agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni, kò sì ní kìlọ̀ fún yín pé ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí kò pé.

Lọ́gán tí a fọwọ́ sí i, ó di àdéhùn bí àdéhùn mìíràn. Bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́, orí ìwé tuntun yìí ni ẹnì kejì yóò gbà lọ sí kóòtù, kì í ṣe orí aáwọ̀ àtijọ́. Fún ẹni tí olórúkọ rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìṣòro tó wà nínú èyí ni pé kóòtù ti ibí lè dá ẹjọ́ kí ti ọ̀hún má kà á sí. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi gba àdéhùn kan wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Singapore pè nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i fún ìfọwọ́sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2019. Orílẹ̀-èdè 46 ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Níbi tí orílẹ̀-èdè kan bá ti sọ ọ́ di òfin, ẹni tí ó ní ìwé àdéhùn òwò tó ti ọ̀dọ̀ onílàjà wá, tó sì kọjá ẹnubodè, lè gbé e tọ kóòtù ibẹ̀ lọ kí wọ́n mú un ṣẹ, láìtún ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè olórúkọ yín ti parí ètò tirẹ̀, torí pé fífi ọwọ́ sí i nìkan kò tó. Bí àmì òwò bá wà nínú aáwọ̀ náà, iléeṣẹ́ ìlàjà àti ìdájọ́ àdáni ti WIPO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí àmì òwò àti iṣẹ́ ọpọlọ), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, wà fún irú rẹ̀. ICC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé, náà ní ìlànà ìlàjà tirẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2014.

Àwọn aáwọ̀ kan wà tí n kò ní gbé lọ síbẹ̀. Bí àdéhùn bá ti parí tí agborúkọlò àtijọ́ sì ń fi àmì òwò náà tajà síbẹ̀, olórúkọ kò ní dúró de ìlàjà. Kóòtù ni yóò sáré lọ fún àṣẹ ìdádúró, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni ó sì fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Bí gbogbo ẹ̀rí yín bá wà nínú àpótí ẹnì kejì, onílàjà kò ní agbára láti ní kí ó ṣí i, bẹ́ẹ̀ kóòtù ní in. Ohun kan tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi: ìlàjà kò dá aago dúró. Ọgbọ̀n ọjọ́ inú ìwé ìkìlọ̀ ń lọ nígbà tí a ń yan onílàjà, agbẹjọ́rò mi ni ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórúkọ pé wọn kò ní ka ọjọ́ ìlàjà mọ́ ọn. Gbèdéke tí òfin fi sí pípe ẹjọ́ náà lè máa lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó lè pé nígbà tí ẹ ṣì ń jókòó. Ilé iṣẹ́ onílàjà kò sọ ọ̀kankan nínú èyí fún mi, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù wọn.

Ti àṣírí náà sì ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí olórúkọ lè jọ̀wọ́ ohun tó jọ̀wọ́, nítorí pé kò fẹ́ kí gbogbo agborúkọlò tó kù wá béèrè irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, tí ẹ̀rọ tiwọn náà ń jókòó lásán láti ọ̀sán, kò lè mọ̀ pé ọ̀nà kan wà. Ẹni tí aáwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti àwọn mìíràn, tí kò sì kánjú, á dára kí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ onílàjà kan náà.

Nínú 10, mo fún ilé iṣẹ́ náà ní 6, mo sì fún obìnrin tó là wá ní 9. Máàkì rẹ̀ kan tí mo yọ jẹ́ ti wákàtí méjì tó kọ́kọ́ ṣòfò.

Oṣù mẹ́fà tí a dá pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilé iṣẹ́ onílàjà kò pe ẹnikẹ́ni láti mọ ibi tí a bá a dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà wà nínú ìwé tí a kọ ní ọ́fíìsì wọn. Olórúkọ rán máníjà agbègbè ọjọ́sí wá. A jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kẹrin, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán báyìí, a wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ti orí áàpù wá, mo sì fi hàn án pé ìlà pupa gé òpópónà kan sí méjì, tí aṣọ ilé apá kan ń wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí ti òdìkejì ń lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá. Ó wò ó títí, ó ní òun gbà pé kò bójú mu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní òun yóò jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá.